Riboswitch fún akẹ́kọ̀ọ́ Èkìtì: ṣé iṣẹ́ ni, àbí ariwo lásán?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. 300 level ni mo wà, maikirobáyọ́lọ́jì ni mò ń kà, Èkìtì níbí ni mo wà. Mo kà nípa riboswitch, RNA tó ń tan jíìnì tó sì ń pa á, ó wù mí débi pé mo fẹ́ fi ṣe project. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ̀gá tó máa bójú tó iṣẹ́ mi, ẹ̀rín ni wọ́n rín. Wọ́n ní fìríìjì wa gan-an kì í tutù fún ọjọ́ méjì léra wọn, kí n wá ewé kan kí n fi pa bakitéríà bíi ti àwọn yòókù. Àwọn ọmọ kíláàsì mi náà ní torí CV àti físà ni mo ṣe ń pariwo synthetic biology, ìmọ̀ títún jíìnì tò fún iṣẹ́ tuntun, kiri. Ṣé kí n gbàgbé ẹ̀ ni?

* * *

Má gbàgbé ẹ̀. Iṣẹ́ tẹkinọ́lọ́jíìsì ni mò ń ṣe nínú láàbù kan ní ìpínlẹ̀ yìí, èmi ni mo máa ń ṣílẹ̀kùn fún irú yín láàárọ̀, èmi náà ni mo máa ń tan jẹnẹrétọ̀ bí wọ́n bá mú iná lọ. Ọ̀gá rẹ ò parọ́ nípa fìríìjì. Ṣùgbọ́n inú fìríìjì kọ́ ni iṣẹ́ riboswitch ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún àwọn tó kàn ń kọjá lọ. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ lo jíìnì kan, á dà á kọ láti ara DNA sórí RNA, ribosome á wá ka RNA yẹn, á sì fi ṣe prótéènì. Ohun tí wọ́n fi kọ́ àwa àgbà ni pé prótéènì ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti pàṣẹ pé kí wọ́n máa ka jíìnì kan lọ tàbí kí wọ́n dáwọ́ dúró. Lọ́dún 2002 ni àwọn ará láàbù Ronald Breaker ní Yale àti ti Evgeny Nudler ní New York fi hàn pé RNA lè ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ yẹn fúnra rẹ̀, láìsí prótéènì kankan níbẹ̀. Níwájú ibi tí ọ̀rọ̀ jíìnì ti bẹ̀rẹ̀, RNA á ká ara rẹ̀ kò, á ṣe ihò kékeré kan tí molecule kan pàtó nìkan bá mu. Bí molecule náà bá wọ ihò yẹn, RNA á tún ara rẹ̀ ká lọ́nà mìíràn, jíìnì á tan tàbí kí ó kú.

Fítámìnì B1, B2 àti B12 ní riboswitch tiwọn. Lysine ní tirẹ̀, glycine ní tirẹ̀, guanine àti adenine náà ní, kódà fluoride ní. Bakitéríà ló pọ̀ sí jù, àmọ́ ti B1 wà lára ewéko àti olú pẹ̀lú. Bí B1 bá ti pọ̀ tó nínú sẹ́ẹ̀lì, òun fúnra rẹ̀ ló máa lọ jókòó sórí RNA tí wọ́n fi ń ṣe é, iṣẹ́ á sì dúró. Àfi bí ẹni pé iyán ló pariwo látinú kúlà pé ẹ dá odó dúró, a ti pọ̀ tó.

* * *

Èsì ti pọ̀ láti àná. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé kò síná. Àwọn kan ní kò sówó. Ẹnì kan láti Ìkẹ́rẹ́ ní àwọn òyìnbó ti ṣe é tán, kí la tún fẹ́ lọ wá níbẹ̀? Olùkọ́ kan wá ní akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń da agar, oúnjẹ tí bakitéríà ń hù lórí rẹ̀, sínú plate dáadáa kò gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ jíìnì.

Ti iná, mo gbà. Mo ti gba àpótí enzyme kan rí tó jẹ́ pé nígbà tó fi dé ọwọ́ mi, yìnyín inú rẹ̀ ti di omi, omi náà sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó dá owó wa padà. Ẹni tó bá ní kò sí wàhálà lórí enzyme ò tíì rà á nílẹ̀ yìí rí.

Ti ará Ìkẹ́rẹ́ ni mi ò gbà. Títí di òní, àwọn riboswitch kan wà tí wọ́n rí ìrísí wọn kedere nínú jíìnómù bakitéríà, tí kò tíì sẹ́ni tó mọ molecule tí wọ́n ń mú. Iṣẹ́ tó ṣẹ́kù bí èyí, ta ló ti ṣe é tán?

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ wa ló dùn mí jù, torí irú rẹ̀ ló ń lé àwọn ọmọ tó ní làákàyè padà. Sà, ẹni tó fẹ́ ya àwòrán RNA kò nílò agar. Ẹ wo lẹ́tà mẹ́rìndínlógún yìí:

CCUCCUGAAAAGGAGG
((((((....))))))

Ẹ fi ìlà kìíní sínú RNAfold, tí Yunifásítì Vienna gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ìlà kejì ló máa kọ jáde. Àwọn lẹ́tà tí àkámọ́ wọn kojú ara wọn ló di ara wọn mú, àwọn tó ní àmì tótó sì wà lómìnira. AGGAGG tó wà ní ìparí yẹn ni ibi tí ribosome bakitéríà máa ń gbẹ́sẹ̀ lé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Níbí, CCUCCU ti gbá a mọ́ra, ribosome ò ríbi dúró, jíìnì kú nìyẹn. Ó yá, ẹ sọ C méjì àkọ́kọ́ di A:

AAUCCUGAAAAGGAGG
..((((....))))..

G méjì tó gbẹ̀yìn ti bọ́, ìdè náà ti ń dẹ̀. Ohun tí ẹni tó ń ya riboswitch ń wá nìyí: ìdè tí kò ní tú fúnra rẹ̀, tí kò sì ní le débi pé molecule tó yẹ kó tú u ò ní rí i tú. Ọmọ 200 level lè jókòó ti èyí lórí fóònù láti àárọ̀ dalẹ́, kó máa pààrọ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kó máa kọ ohun tó rí sínú ìwé. Dátà tó máa jẹ kò tó ti fídíò kan. Ọmọ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan máa lóye RNA ju ẹni tó há gbogbo nóòtì sórí lọ.

* * *

Olùkọ́ wa padà wá: "Ṣé géèmù lẹ fẹ́ kí ọmọ yìí fi ṣe project?" Torí pé ẹnì kan dárúkọ Eterna ni wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni o, géèmù ni. Àwọn ará yunifásítì Carnegie Mellon àti Stanford ló ṣe é. Ẹni tó bá ń fi ṣeré máa ká RNA títí á fi rí bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí. Ibi tó ti yàtọ̀ sí géèmù tí ẹ̀ ń bá ọmọ yín jà lé lórí ni pé wọ́n ń kó lára ohun tí àwọn ènìyàn yà wọ láàbù, wọ́n á ṣe RNA náà gan-an, wọ́n á dán an wò, èsì á sì padà sọ́dọ̀ àwọn tó yà á. Lọ́dún 2022, riboswitch tí àwọn òṣèré Eterna yà wọ ìwé ìwádìí PNAS. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rárá.

Mo mọ̀ pé ẹ̀ka yín ò ní gba géèmù nìkan wọlé bíi project. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà wá riboswitch kan nínú Rfam, àkójọ RNA tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó kó ẹ̀dà rẹ̀ láti ara bakitéríà oríṣiríṣi, kó tò wọ́n síra, kó fi hàn lẹ́tà tí kì í yí padà àti èyí tó ń yí. Iṣẹ́ tó lórí tó nídìí nìyẹn, kò sì béèrè jẹnẹrétọ̀.

* * *

Ẹnì kan ní: "A ti gbọ́ ti fóònù. Ti inú ìgò ńkọ́?"

Kò di dandan kí bakitéríà wà láàyè. Wọ́n lè fọ́ ọ, kí wọ́n kó oje inú rẹ̀ tó ń ka DNA tó sì ń ṣe prótéènì, kí wọ́n mú kó gbẹ nínú òtútù títí á fi di ìyẹ̀fun. Bí omi bá kàn án pẹ̀lú DNA tí o fẹ́, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tó bá ti gbẹ, kò tún fi ọ̀rọ̀ fìríìjì dààmú ẹnikẹ́ni bíi ti tẹ́lẹ̀. Ibí yìí ni riboswitch ti wá dùn mọ́ mi nínú. Lọ́dún 2020, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà gbé irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀, tí riboswitch fluoride láti ara bakitéríà Bacillus cereus wà nínú rẹ̀, lọ sí Costa Rica, wọ́n sì fi yẹ omi wò níbi tí omi wà gan-an. Bí fluoride bá tó mílígíráàmù 2 nínú lítà kan, á hàn.

Fluoride yìí gan-an ní àrà tirẹ̀. RNA ní ẹrù iná òdì lára, fluoride náà ní òdì, ó yẹ kí wọ́n máa lé ara wọn sá ni. Magnesium mẹ́ta ló ń jókòó sáàárín wọn, àwọn ló di fluoride mú nínú ihò náà. Ọmọ tó bá gbàgbé láti fi magnesium tó pọ̀ tó sínú ìgò máa jókòó títí, kò ní rí nǹkan kan.

Ẹnì kan láti Ìjerò wá bi mí pé ṣé fluoride wà nínú omi bọ́hóòlù tàwọn. Mi ò ní fojú inú wò ó fún yín. Orí àpáta ni wọ́n gbẹ́ ọ̀pọ̀ bọ́hóòlù Èkìtì sí, ara àpáta sì ni fluoride ti máa ń wọ omi, àmọ́ àpáta ò dọ́gba. Ní Langtang ní Ìpínlẹ̀ Plateau, eyín àwọn ènìyàn tó yí àwọ̀ padà ló fi hàn wọ́n pé ó pọ̀ nínú omi. Èyí tó pọ̀ jù tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ni mílígíráàmù 1.5 nínú lítà, ohun kan náà ló wà nínú ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà. Ẹ gbé omi yín lọ síbi tí wọ́n ti ń fi kẹ́míkà yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ máa gbọ́ èsì láìsí riboswitch kankan. Tó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ, ẹ ti rí i pé àlàfo wà láàárín 2 àti 1.5: kí la lè pààrọ̀ nínú RNA yẹn tí á fi tètè fọhùn? Mo fara mọ́ ìbéèrè yìí ju gbogbo "a fẹ́ tún omi Áfíríkà ṣe" tí mo ń kà kiri lọ.

* * *

A ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ ká yà díẹ̀ sí i. Ẹnì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti ní kí ọmọ yìí fi riboswitch wá cyanide, májèlé ara ẹ̀gẹ́, nínú gàrí. Ìdí wo? Bébà picrate wà, ó pẹ́ tó ti wà. Ẹ fi sínú ìgò pẹ̀lú gàrí, ẹ dé e, bí àwọ̀ yẹ́lò rẹ̀ bá ń pọ́n, cyanide ń jáde nìyẹn. Kò gbówó lérí, ìyá tó ń yan gàrí náà lè kà á. Synthetic biology tí ẹ fẹ́ fi ṣe ohun tí bébà ti ń ṣe, àṣehàn ni.

Èyí tó dáa nínú àbá yín ni ti obì. Ẹni tó mú un wá ní ṣé riboswitch lè mọ caffeine inú obì àbàtà. Ọ̀kan lára riboswitch tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ ni ti theophylline, oògùn àwọn tó ní asima. Ọdún 1994 ni wọ́n ṣa RNA tó ń mú un jáde nínú ọ̀kẹ́ àìmọye RNA. Theophylline àti caffeine fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbejì, methyl kan péré ni caffeine fi lé. Síbẹ̀ RNA yẹn ń di theophylline mú ní ìlọ́po 10,000 ju caffeine lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá da omi obì sí i, jẹ́ẹ́ ló yẹ kó ṣe. Ẹ fi theophylline sínú ìgò kan, omi lásán sínú èkejì, omi obì sínú ẹ̀kẹta. Bí ti obì bá pariwo bíi ti theophylline, ẹ lọ wo ibi tí nǹkan ti dàrú kí ẹ tó kọ ìwé ranṣẹ́ síbì kankan.

* * *

Ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n òun máa bá òun kó bakitéríà tó ń tàn yòyò wá látòkè òkun nínú báàgì, jọ̀ọ́, sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin tó dá NBMA sílẹ̀, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò lórí ẹ̀dá tí wọ́n yí jíìnì rẹ̀ padà, ti wà láti ọdún 2015, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2019 kó lè kan synthetic biology pẹ̀lú. Ẹ̀dá tí wọ́n ti yí jíìnì rẹ̀ padà, o gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kó tó wọlé, o sì gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kó o tó lò ó, kódà nínú láàbù tó ní kọ́kọ́rọ́. Àwọn kan níbí ń sọ pé òfin yìí ló ń dí ọmọ wa lọ́wọ́. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà tí wọ́n yí jíìnì rẹ̀ padà kí kòkòrò kan má bàa jẹ ẹ́ gba ìlànà náà kọjá, wọ́n fọwọ́ sí i lọ́dún 2019. Ọ̀rọ̀ oje sẹ́ẹ̀lì tó ti kú fúyẹ́ ju èyí lọ, síbẹ̀ mú un dé iwájú ìgbìmọ̀ ààbò ilé ẹ̀kọ́ yín kó o tó bẹ̀rẹ̀.

* * *

Ó kan CV àti físà.

iGEM lẹ ní lọ́kàn, ìdíje synthetic biology fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ayé. Oṣù kìíní ọdún 2003 ló bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kékeré fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Lọ́dún 2004, ilé ẹ̀kọ́ márùn-ún péré ló wá bá ara wọn díje. Báyìí ó ti di àríyá ńlá, àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì pẹ̀lú ń bá wọn ṣe é, láti 2022 sì ni wọ́n ti ń pàdé ní Paris. Ẹgbẹ̀rún dọ́là mélòó kan ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa san kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Tó o bá fi náírà ṣe ìṣirò rẹ̀, wàá jókòó.

Èrò tèmi yàtọ̀ sí ti méjèèjì nínú yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní "láìsí iGEM kò sí synthetic biology", ẹ rántí ọdún 2022 tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba wà ní títì fún oṣù mẹ́jọ. iGEM ò ní dúró dè yín, inú ọdún kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ tó ń parí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi ọmọ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ torí CV, ta ni nínú yín tó ṣe IT tirẹ̀ torí ìfẹ́ bakitéríà? Kí CV dára kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bó bá kọ ohun tó ṣe gan-an síbẹ̀, kí ló kù?

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́ lára iGEM ni pé wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pé ta lẹ bá sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan yìí. Ẹ lọ bá àwọn tó ni bọ́hóòlù ládùúgbò yín, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ń dùn wọ́n nípa omi wọn. Ẹ múra o. Wọ́n á kọ́kọ́ rò pé owó orí lẹ wá gbà.

* * *

Ọmọbìnrin kan kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, ó ní kí n sọ ọ́ síta: wọ́n mú òun wọ ẹgbẹ́ ìwádìí kan, inú òun dùn, àmọ́ fífọ ìgò àti ríra ìpápánu lòun fi oṣù mẹ́fà IT òun ṣe. Orúkọ òun ò sí lára iṣẹ́ náà.

Èyí gan-an ló ń bí mi nínú ju ọ̀rọ̀ iná lọ. A máa ń sọ pé a "mú akẹ́kọ̀ọ́ dání". Kò sẹ́ni tó kọjá fífọ ìgò, èmi náà ń fọ̀ ọ́ di òní. Ṣùgbọ́n bí oṣù kìíní bá parí tí ọmọ náà ò tíì ní ìbéèrè kan tó jẹ́ tirẹ̀, tó lè dáhùn fúnra rẹ̀, tó sì lè kùnà nínú rẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ gbà. Riboswitch rọrùn láti fi ṣe èyí tí wọ́n bá fẹ́. Fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà mẹ́ta tó máa pààrọ̀ lára RNA kan náà, kó kọ ohun tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ kó tó dán an wò. Ẹni tí ohun tó rò bá ṣẹ àti ẹni tí tirẹ̀ ò bá ṣẹ, àwọn méjèèjì ti ṣiṣẹ́.

Àwọn ọ̀gá kan máa bínú sí mi lórí èyí. Kò burú.

* * *

Ìwọ tó béèrè, mo rí i pé o ní ọ̀gá rẹ ṣì taku pé ewé ni. Gbà á. Má bá wọn jà, fi riboswitch sínú ewé náà.

Lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí ilé iṣẹ́ oògùn Merck ṣàwárí ohun kan tí wọ́n pè ní ribocil. Ó ń pa bakitéríà nípa jíjókòó sínú riboswitch B2 wọn, bakitéríà á rò pé B2 ti pọ̀, á dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró, á sì kú. Báwo ni wọ́n ṣe rí i? Wọ́n wá ohun tó ń pa E. coli, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti fi B2 kún oúnjẹ rẹ̀, kò ní lè pa á mọ́. Ìyẹn gan-an ò ju agbára láàbù yín lọ.

Ṣe plate ewé rẹ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣe òmíràn tó rí bákan náà, tí o fi riboflavin kún. Bí àyíká tí bakitéríà ò ti hù bá fẹ̀ bákan náà nínú méjèèjì, ewé yẹn ò bá B2 jà. Bó bá kéré gan-an nínú èyí tó ní B2, o ti rí nǹkan tí ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì yín ò ní. Kò tíì fi hàn pé riboswitch ni o, ọ̀nà B2 lápapọ̀ ló ń tọ́ka sí. Kíyè sí i pé nutrient agar tí gbogbo yín ń lò ti ní B2 nínú tẹ́lẹ̀ láti ara ẹran àti yeast tí wọ́n fi ṣe é, á bo èsì rẹ mọ́lẹ̀. M9 ni kó o lò: iyọ̀, glucose, magnesium àti calcium díẹ̀. E. coli á hù lórí rẹ̀, á kàn lọ́ra. Tún ṣe plate kan tó ní B2 láìsí ewé, àti ọ̀kan tó ní ohun tí o fi yọ oje ewé nìkan, torí ethanol tí wọ́n fi ń yọ ọ́ fúnra rẹ̀ ń pa bakitéríà. Ìmọ́lẹ̀ sì máa ń ba B2 jẹ́, nítorí náà fi fóìlì bo ìgò rẹ àti plate náà, pàápàá tó bá jẹ́ etí fèrèsé ni wọ́n fún ẹ láyè sí.